Ọwọ́ Tó Mọ Ata Lò

Ẹni tó bá fẹ́ rí ọwọ́ tó mọ ata lò, kó lọ dúró ti olóúnjẹ tó ń se ayamaṣe ní Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ, ìlú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ ọbẹ̀ náà. Rodo àti tàtàṣé tí kò tíì pọ́n ni ata rẹ̀. Rodo ló ń ta, tàtàṣé ló ń mú ọbẹ̀ ki. Wọn kì í lọ̀ ọ́ kúnná. Wọ́n á sè é títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ. Epo pupa á wà lórí iná jẹ́ẹ́jẹ́ nínú ìkòkò tí wọ́n dé pa, títí àwọ̀ pupa rẹ̀ yóò fi ṣí. Wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tutù kí wọ́n tó ṣí i. Sùúrù yìí ni mo yẹ́ sí jù, nítorí ẹni tó bá kánjú ṣí i, èéfín ni yóò gba ilé kan. Àlùbọ́sà, irú, ṣàkì, pọ̀nmọ́ àti ẹyin sísè ló kàn.

Ohun tó ń mú ata ta kì í yòrò nínú omi, inú epo ló ti ń yòrò. Ìdí nìyẹn tí omi tútù kì í pa títa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ata a máa mọ́ ahọ́n lára díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin tí ata ń ṣòro fún, ẹ ní kí olóúnjẹ dín rodo kù, kó fi kún tàtàṣé. Ayamaṣe náà ṣì ni.