Bírò Pupa àti Ẹ̀kọ́ Agbéniró: Àgbéyẹ̀wò Ìwé Mina Shaughnessy

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ìwé kan tí wọn kò kọ fún wa. Mina Shaughnessy, olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní City College ní ìlú New York, ni ó kọ ọ́. Errors and Expectations ni ó pè é, ó sì jáde ní 1977. Àwọn olùkọ́ tí ó ń darí ẹ̀kọ́ agbéniró ni ó ní lọ́kàn, ìyẹn ẹ̀kọ́ tí a fi ń ran akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tí ì lè kàwé tàbí kọ̀wé dé ìwọ̀n tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ń fẹ́ lọ́wọ́. Àwa tí a ń kọ́ Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, tí a sì máa ń bá wọn máàkì ìwé ìdánwò nígbà ìsinmi, kò yẹ kí a wo irú ìwé bẹ́ẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ tí a kọ́ jáde ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ń dá dúró lẹ́nu ọ̀nà pé Yorùbá kíkọ wọn kò tó. Ó yẹ kí a mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí ìwé náà ṣe wáyé. Ní 1969, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú àti àwọn tí ìran wọn ti Puerto Rico wá gba apá kan ọgbà City College, wọ́n ní kí ilé-ẹ̀kọ́ náà gba irú àwọn sí i. Nígbà tí ó di 1970, CUNY, yunifásítì ìlú New York tí City College jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka rẹ̀, ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀: ẹni tí ó bá ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ìlú náà yóò rí àyè ní ẹ̀ka kan tàbí òmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wọlé ni kì í sọ irú Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé nílé. Shaughnessy kò fi bò. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ ó jẹ́wọ́ pé nígbà tí òun kọ́kọ́ jókòó ti àròkọ wọn, òun kò lè sọ ohun tí ó ṣe wọ́n gan-an, áḿbèlété kí òun mọ ibi tí iṣẹ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó kó nǹkan bí 4,000 àròkọ tí àwọn ọmọ tuntun kọ láàárín 1970 àti 1974 jọ, tí ó sì fara balẹ̀ kà wọ́n.

Ohun tí ó rí ni gbòǹgbò ìwé náà. Àṣìṣe àwọn ọmọ náà kì í ṣe wọ́nranwọ̀nran. Ó ní ìdí, ó sì ní ètò. Nígbà mìíràn ọmọ ń tẹ̀lé òfin kan tí òun fúnra rẹ̀ hun. Nígbà mìíràn òfin tí olùkọ́ kan kọ́ ọ ní àbọ̀ ni. Nígbà mìíràn etí rẹ̀ ni ó gbà gbọ́ ju ojú rẹ̀ lọ. Nítorí náà, iṣẹ́ olùkọ́ ni láti wá ìdí kí ó tó mú bírò.

Kí ó má baà dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni èyí, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀nà yìí wo àwọn àṣìṣe tí gbogbo wa ń fi bírò pupa yí po lọ́dọọdún. Ọmọ kan kọ ‘ó kò lọ’. A ó fa igi lé e, a ó kọ ‘kò lọ’ sí òkè rẹ̀, a ó sì kọjá. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ náà ṣe? Ó mọ ‘mo lọ’, ó sì mọ ‘n kò lọ’. Ó mọ ‘a lọ’ àti ‘a kò lọ’, ‘wọ́n lọ’ àti ‘wọn kò lọ’. Nínú gbogbo wọn, arọ́pò-orúkọ wà níwájú ‘kò’. Ẹni kẹta ẹyọ nìkan ni ó pa tirẹ̀ jẹ. Ọmọ náà kàn dí àlàfo tí èdè fi sílẹ̀ ni. Ẹni tí ó ṣe èyí kì í ṣe aláìgbọ́ gírámà. Gírámà tirẹ̀ tilẹ̀ tò ju ti èdè lọ.

Òmíràn kọ ‘ilé e bàbá mi’. Sílébù tí ó wà láàárín ‘ilé’ àti ‘bàbá’ yìí, gbogbo wa ni a ń pè é. Àkọtọ́ wa ni kò kọ ọ́. Etí ọmọ náà mú ju ti ọ̀pọ̀ àwa tí a ń máàkì lọ. Bákan náà ni ọmọ apá Ìbàdàn tí ó kọ ‘isu’ dípò ‘iṣu’: a ń pè é ní aláìbìkítà tí kò fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n ń pè nílé rẹ̀ ni ó kọ. Ti ‘wípé’ tún yàtọ̀. Ọmọ tí ó ń sọ ‘ó ní’ àti ‘ó sọ pé’ láti àárọ̀ dalẹ́ yóò dé inú gbọ̀ngàn ìdánwò, yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí kọ ‘ó sọ wípé’ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó rò pé ibi pàtàkì bẹ́ẹ̀ ń béèrè aṣọ tí ó wúwo ni.

Èyí tí ó dùn wá jù ni ‘nwọn’, ‘aiye’ àti ‘enia’. Láti 1974 tí ìjọba ti fi ọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ni a ti ń bá àwọn wọ̀nyí jà, a sì ń yọ máàkì lórí wọn. Níbo ni ọmọ tí a bí ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ti rí ‘nwọn’? Kì í ṣe lọ́dọ̀ wa. Nínú Bíbélì tí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ ni, tàbí nínú ìwé orin ìyá àgbà rẹ̀, tàbí nínú ẹ̀dà ìwé Fágúnwà kan tí ó ti gbó. Ìyẹn ni pé ọmọ tí ó kọ ‘nwọn’ lè jẹ́ òun nìkan ṣoṣo nínú kíláàsì rẹ̀ tí ó ń ka Yorùbá nílé. A ń gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó kàwé. Ẹni tí kò ka ohunkóhun rí yóò kọ ‘wọn’, yóò sì kọjá láìfara pa.

A kò sọ èyí láti fi dá ẹlòmíràn lẹ́bi. Ní ọdún bí mélòó kan sẹ́yìn, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan pè wá láti bá wọn máàkì ìwé ìdánwò àwọn tí ó fẹ́ wọlé ka Yorùbá. Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tí ó kọ àròkọ lórí ọjà ìyá rẹ̀. Àmì pupa tí a fi sí ojú ewé kìíní lé ní 30: àmì ohùn, àmì abẹ́ lẹ́tà, ‘nígbàtí’ tí ó so pọ̀, ‘wípé’, kọ́mà níbi tí ó yẹ kí gbólóhùn parí sí. A fún un ní 7 nínú 20. Nígbà tí ọ̀gá tí ó ń bójú tó máàkì bi wá léèrè ohun tí ọmọ náà sọ nípa ìyá rẹ̀, a kò rí èsì fọ̀. A ní láti tún un kà. Ó ń ṣàlàyé ìdí tí ìyá rẹ̀ fi ń ta epo láwìn fún obìnrin kan tí gbogbo ọjà mọ̀ pé kì í san gbèsè, ó sì ń to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ: pé ẹni tí ó jẹ ni ní gbèsè kì í lè sọ̀rọ̀ ẹni láìdáa; pé ọmọ obìnrin náà ni ó ń bá ìyá òun gbé ẹrù lọ́jọ́ ọjà; pé gbèsè náà ti di owó iṣẹ́ láìsí ẹni tí ó pè é bẹ́ẹ̀. Àwíjàre ni, ó sì gún régé. Máàkì kò yí padà. Wọ́n fi ọmọ náà sí kíláàsì ìgbaradì ọlọ́dún kan. A gbọ́ pé fífi àmì ohùn sí igba, igbá, ìgbà àti igbà ni wọ́n fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún náà ṣe, lórí ọ̀rọ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, láìka odindi ìwé kan tán. Kò dúró parí rẹ̀.

Níbi yìí ni a ti yà kúrò lọ́dọ̀ Shaughnessy. Ìwé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìfọwọ́kọ̀wé àti àmì ìdánudúró. Ó bọ́ sí ẹ̀hun gbólóhùn, sí àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀, sí sípẹ́lì, sí ìmọ̀ ọ̀rọ̀. Ó di orí keje kí ó tó kọjá gbólóhùn lọ sí bí òǹkọ̀wé ṣe ń gbé èrò kalẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá tẹ̀lé e ní títò lè lo ọdún kan gbáko lórí orí kejì. Fún ọmọ tiwa, ètò bẹ́ẹ̀ tilẹ̀ burú jù. Kì í ṣe àlejò nínú èdè. Ó lè rojọ́, ó lè pa òwe, ó lè fi ọ̀rọ̀ yí àgbàlagbà lọ́kàn padà. Ohun tí kò ní ni ojú tí Yorùbá orí ìwé ti mọ́ lára. Gẹ̀ẹ́sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó kà láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 yìí kan náà fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń dé ọ̀dọ̀ wa kò rí irú rẹ̀. Àwọn ìwé tí a yàn fún ìdánwò pàápàá, àkékúrú wọn ni ọ̀pọ̀ ń kà, àwa olùkọ́ sì mọ̀. Níbo ni ojú yóò ti kọ́ ibi tí gbólóhùn ń parí sí?

Àtúnṣe sí èyí wà nínú iṣẹ́ tí David Bartholomae àti Anthony Petrosky ṣe ní Yunifásítì Pittsburgh, tí wọ́n gbé jáde ní 1986. Wọn kò ya kíkà kúrò lára kíkọ. Àwọn ọmọ tí àwọn ẹlòmíràn ì bá fún ní iṣẹ́ kọ́mà ni wọ́n fún ní odindi ìwé, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn bí ọ̀dọ́ ṣe ń dàgbà. Àwọn ọmọ náà kọ̀wé lórí ohun tí wọ́n kà. Wọ́n kọ ìtàn ìgbésí ayé ara wọn. A sì di àwọn ìtàn náà pọ̀ kí kíláàsì lè kà á bí wọ́n ti ka ìwé àwọn tí ó lórúkọ. Àtúnṣe gbólóhùn kò sọnù níbẹ̀, ṣùgbọ́n orí ohun tí ọmọ fúnra rẹ̀ kọ ni a ti ń ṣe é.

Ẹ̀sùn mìíràn ni Min-Zhan Lu fi kan Shaughnessy ní 1991: pé ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé èdè jẹ́ igbá lásán, tí ènìyàn lè pààrọ̀ láìjẹ́ pé ohun inú rẹ̀ yí padà. A gbà á dé ìwọ̀n kan. Ọmọ Èkìtì tí a ní kí ó fi ‘ilé’ rọ́pò ‘ulé’ mọ̀ pé kì í ṣe fáwẹ́lì nìkan ni òun ń jọ̀wọ́. Ṣùgbọ́n a kò lè bá Lu dé òpin ọ̀nà, nítorí pé ‘ilé’ ni aṣèdánwò yóò wá, àwa ni a ó sì jíhìn fún òbí ọmọ náà.

Ó wá ku ibi tí ó yẹ kí a gbé ẹ̀kọ́ agbéniró sí. Bí a ṣe ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni wa, tí a ń pè é ní Pre-NCE, iwájú ẹ̀kọ́ gidi ni ó wà: ọmọ yóò jókòó síbẹ̀ fún ọdún kan kí ó tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ilé. Amẹ́ríkà náà ṣe é bẹ́ẹ̀ pẹ́. Ní 1998, ìgbìmọ̀ aláṣẹ CUNY dìbò láti mú irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ kúrò ní àwọn ẹ̀ka ọlọ́dún mẹ́rin. Èyí kò wù wá, nítorí ẹni tí a yọ àkàbà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kò tíì gun òkè. Èyí tí Peter Adams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2007 ní Community College of Baltimore County ni ó wù wá. Wọ́n gbé ọmọ tí ì bá lọ sí ìgbaradì sínú ojúlówó ẹ̀kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, pẹ̀lú àwọn tí ó yege. Bí kíláàsì bá ti tú, òun àti àwọn díẹ̀ bíi tirẹ̀ yóò tún jókòó ti olùkọ́ kan náà, wọn yóò sì ṣiṣẹ́ lórí ohun tí kíláàsì ńlá ń béèrè. Adams ti rí i tẹ́lẹ̀ pé ọ̀pọ̀ àwọn tí a fi sí ìgbaradì kì í dé ẹ̀kọ́ gidi rárá; kì í ṣe pé gbogbo wọn fìdí rẹmi, wọ́n kàn ń ṣá lọ lójú ọ̀nà ni. Òfin kan tí ìpínlẹ̀ California ṣe ní 2017 tún fi kún un pé kí a wo iṣẹ́ tí ọmọ ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, kí a má fi ìdánwò ọjọ́ kan ṣèdájọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ ṣàkíyèsí ẹni tí òfin yẹn gbé ẹrù lé lórí.

Ẹnìkan yóò ní owó ni irú ètò yìí ń béèrè, kíláàsì tiwa sì kún. Òótọ́ ni. Nílé-ẹ̀kọ́ wa, ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn àkókò ìwé ni a rí, ọmọ mẹ́jọ, ẹ̀dà ìwé mẹ́ta. Wọ́n ń ka orí kan, wọ́n ń kọ ojú ewé kan, a sì ń béèrè ìdí àṣìṣe lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é kí a tó sọ ọ́ fún un. Iṣẹ́ náà lọ́ra. Nígbà mìíràn a kì í kọjá gbólóhùn mẹ́rin.

Ìlànà máàkì ni kò ná wa ní kọ́bọ̀. ‘Nwọn’ tí ó fara hàn ní ìgbà 16 nínú ìwé kan, àṣìṣe kan ni, kì í ṣe 16. Bí ìgbìmọ̀ aṣèdánwò bá ní dandan ni kí a yọ máàkì lórí rẹ̀, kí a yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, níbi tí ó ti kọ́kọ́ hàn, kí a kọ ‘wọn’ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí a sì máa ka ìyókù lọ láti mọ ohun tí ọmọ náà ń sọ.