Iṣẹ́ Ọwọ́ Mi Ti Padà sí Ìkáwọ́ Mi

Bí ìdílé kan bá pè mí láti ya àwòrán ìnáwó wọn n'Ìbàdàn, òtítọ́ àwọ̀ ni mo jẹ wọ́n ní gbèsè. Sányán gbọ́dọ̀ jẹ́ sányán. Àlàárì kò gbọdọ̀ di àwọ̀ ọsàn, ẹtù kò sì gbọdọ̀ dúdú débi pé ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ á pòórá. Awọ ara ẹni tó wọ aṣọ náà sì gbọ́dọ̀ máa dán bó ṣe ń dán lójú agbo. Kámẹ́rà nìkan kò lè ṣe èyí. Ìdajì iṣẹ́ wa ń bẹ nídìí kọ̀ǹpútà, ìdí nìyẹn tí pípààrọ̀ ètò tí a fi ń tún àwòrán ṣe kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Owó ló kọ́kọ́ lé mi kúrò nídìí èyí tí mò ń lò tẹ́lẹ̀. Dọ́là ni wọ́n ń gbà, oṣooṣù sì ni. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ ní ọdún 2023, ó kọjá ohun tí ayàwòrán òde àríyá lè máa san tẹ̀rín-tọ̀yàyà. Èyí tó tún wá ká mi lára jù ni pé ọjọ́ tí n kò bá san, n kò ní lè fọwọ́ kan àtúnṣe tí mo fi òru ṣe sára àwòrán tèmi.

Mo bọ́ sí ètò àtúnṣe àwòrán kan tó ń jẹ́ darktable. Johannes Hanika ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó kọ́kọ́ jáde ní 2009, àwọn ayàwòrán tó mọ kọ̀ǹpútà káàkiri àgbáyé ló sì ń tún un ṣe títí dòní. Ọ̀fẹ́ ni. Kò béèrè íntánẹ́ẹ̀tì kó tó ṣiṣẹ́; ẹni tó bá ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ lóru tí dátà ti tán á mọ iyì ìyẹn. Kì í fọwọ́ kan ojúlówó àwòrán. Gbogbo ohun tí mo bá ṣe ló ń kọ sínú fáìlì kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .xmp, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà nínú fódà kan náà. Bí mo bá kó fódà ọ̀hún lọ sórí dísìkì mìíràn, àtúnṣe mi á bá a lọ. Bí kọ̀ǹpútà kan bá kú, òmíràn á gbà á, iṣẹ́ á máa lọ.

Ti àwọ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Ìyá ìyàwó wọ léèsì funfun, wọ́n wé gèlè funfun, oòrùn ọ̀sán sì mú. Bí kámẹ́rà bá ti rí funfun yẹn, á dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú ìyá á ṣókùnkùn. Bí mo bá fi ìmọ́lẹ̀ kún gbogbo àwòrán náà, ojú á là, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọnà ara léèsì á parẹ́. Irinṣẹ́ kan wà nínú darktable tí wọ́n ń pè ní tone equalizer, iṣẹ́ ọwọ́ Aurélien Pierre, tó wọlé ní 2019. Ó pín ìmọ́lẹ̀ àwòrán sí ìpele mẹ́sàn-án, láti ibi tó dúdú jù dé ibi tó mọ́ jù. Ìpele tí ojú ìyá wà nìkan ni mo máa ń gbé sókè; léèsì á dúró síbi tó wà, ilà ojú wọn á sì hàn kedere. Àwòrán RAW ló fàyè gba irú èyí: kámẹ́rà oníbíìtì 14 ní ìpele ìmọ́lẹ̀ 16,384, JPEG kò sì ní ju 256 lọ fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. N kò tíì rí irinṣẹ́ tó bọ̀wọ̀ fún awọ dúdú tó báyìí.

Ọ̀nà tí darktable ń gbà to àwòrán náà tẹ́ mi lọ́rùn. Mò ń fún wọn ní ìràwọ̀, mo sì ń kọ orúkọ ìdílé, ìlú àti aṣọ ẹbí mọ́ wọn. Ní 1968 ni ayàwòrán J. D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí ya irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà, ó sì ya nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan. Nítorí pé orúkọ wà lára wọn, ẹni tó bá ń wá irun Onílé Gogoro lónìí á rí i. Ọmọ tó bá wá béèrè àwòrán bàbá rẹ̀ tó ti di olóògbé yẹ kó rí i gbà lọ́wọ́ wa bákan náà.

Ètò yìí kì í tètè yéni, irinṣẹ́ inú rẹ̀ pọ̀. Ìràwọ̀ àti orúkọ bá mi kọjá láti ibi àtijọ́. Àtúnṣe àwọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó kúrò nídìí ti tẹ́lẹ̀, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó kọ ìràwọ̀ àti orúkọ sínú fáìlì .xmp, kí ẹ sì yọ gbogbo àwòrán tí ẹ ti parí jáde ní JPEG tàbí TIFF. Ẹ fi RAW pamọ́ sórí dísìkì méjì, kí méjèèjì má sì gbé inú ilé kan náà.