Ràkúnmí Ara Ògiri

Àwòrán kan wà tí ó ti gba ipò pàtàkì lára ògiri pálọ̀ wa ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́, láti Ìkòtún títí dé Ẹ̀gbẹ́dá, àti láti Ìdímù títí dé Ìgándò. Ẹni tí ó ni ín jókòó lórí ràkúnmí. Ó fi aṣọ pupa àti funfun wé orí bí àwọn Lárúbáwá ti í wé e. Iyanrìn pupa tẹ́ lọ salalu lẹ́yìn rẹ̀, oòrùn sì ń wọ̀. Àárín fọ́tò ìgbéyàwó àti fọ́tò ìkẹ́kọ̀ọ́yege ni a sábà máa ń gbé e kọ́ sí. Àwọn tí kò gbé e kọ́ ń mú un kiri nínú fóònù wọn. Bí ó bá jẹ́ fídíò, a óò rí ọkọ̀ tí ó ń gun òkè iyanrìn tí ó sì ń yọ̀ wálẹ̀, a óò sì gbọ́ igbe àwọn èrò inú rẹ̀. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ lámèyítọ́ kì í sábà ka irú nǹkan báyìí sí iṣẹ́ ọnà. Ó sì yẹ kí a kà á sí i, nítorí pé ìtàn ìrìn àjò ni, a sì ń sọ ọ́ fún ọmọ, fún àlejò àti fún ará àdúgbò. Ìtàn tí a bá ń sọ lemọ́lemọ́ tó bẹ́ẹ̀ tó ohun tí à á yẹ̀ wò.

Àwòrán náà ní baba ńlá. Kí ìrìn àjò afẹ́ lọ sí Dubai tó di ohun tí ọlọ́jà lè ṣe, àwọn Àlàájì àti Àlàájà wa ti ń ya fọ́tò pẹ̀lú ràkúnmí tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ nítòsí òkè Àráfà. Ṣùgbọ́n tiwọn yàtọ̀. Ẹ̀rí ni fọ́tò wọn jẹ́ fún iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n torí rẹ̀ kúrò nílé. Ràkúnmí kò ju ẹlẹ́rìí lọ nínú ọ̀rọ̀ náà. Nínú àwòrán tuntun yìí, ràkúnmí gan-an ni ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí a ti to eré náà, nítorí pé eré ni, ó sì ní ìpele mẹ́ta. Ìpele kìíní ni ti ọkọ̀. Bí ọ̀sán bá ti ń rọ̀, ọkọ̀ Land Cruiser yóò wá gbé èrò ní hòtẹ́ẹ̀lì, yóò gba ọ̀nà Hatta lọ sí Lahbab, níbi tí iyanrìn ti pupa. Kí awakọ̀ tó wọ inú iyanrìn, yóò dúró, yóò yọ lára afẹ́fẹ́ táyà, kí táyà lè tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ó má baà rì. Lẹ́yìn náà ni yóò wá máa gun òkè, tí yóò máa fi ẹ̀gbẹ́ yọ̀ wálẹ̀. Ìpele kejì ni ti ràkúnmí. Ẹranko náà wà ní ìkúnlẹ̀. Bí ó bá fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ó kọ́kọ́ ń nà, nítorí náà ẹni tí ó gùn ún yóò tẹ̀ síwájú bí ẹni tí ó fẹ́ forí sọlẹ̀. Ibẹ̀ ni igbe ti ń jáde. Ibẹ̀ náà ni ayàwòrán ń dúró dè. Ẹni tí ó di okùn mú yóò fà á yí ká fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó parí. Ìpele kẹta ni ti àgọ́: ẹran sísun, ijó, làálì lọ́wọ́. Kí alẹ́ tó lẹ́ jù, kálukú ti padà sí hòtẹ́ẹ̀lì rẹ̀.

Lámèyítọ́ tí ó bá fi ojú tín-ín-rín wo eré yìí kò mọ ohun tí Yorùbá ń pè ní fàájì. Obìnrin tí ó ti ń jókòó sí ọjà Ìkòtún láti ọdún pípẹ́, tí òjò ń pa, tí oòrùn ń pa, tí ó wá lọ ra ọjà ní Dubai, tí ó sì fi ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo gbádùn ara rẹ̀, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè àlàyé. Igbe rẹ̀ lórí ràkúnmí, igbe tòótọ́ ni. Awakọ̀ náà sì mọṣẹ́, nítorí pé ẹni tí ó bá sáré dé góńgó òkè iyanrìn láìmọ ohun tí ó wà ní òdì kejì lè dojú ọkọ̀ dé. Eré kò ní láti di ogun kí ó tó níyì. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó gẹṣin, ilẹ̀ ni ó ń bọ̀. Ẹni tí ó gun ràkúnmí ní Lahbab mọ̀ pé ilẹ̀ kò jìnnà. Ó ti sanwó kí ó má baà jìnnà.

Ibi tí eré náà kù sí ni àárín rẹ̀. Ìtàn ìrìn àjò lọ́dọ̀ wa ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní ojú ọ̀nà, ó sì ní àbọ̀. Ojú ọ̀nà ni ó ń yí arìnrìn-àjò padà. Òun ni ó ń mú kí àbọ̀ rẹ̀ tó ìròyìn. Nínú fídíò Dubai, a rí ìbẹ̀rẹ̀, a rí àbọ̀, a kò rí ojú ọ̀nà. Ọkọ̀ náà kò lọ sí ibì kankan, ràkúnmí náà kò ru ohunkóhun. Aṣálẹ̀ tí ènìyàn ń là kọjá ti di ibi tí ènìyàn ń dúró sí kí a lè yà á ní fọ́tò.

Bẹ́ẹ̀ ràkúnmí kì í ṣe àlejò pátápátá sí wa. Ọwọ́ àwọn Haúsá ni a ti gba orúkọ rẹ̀. Ẹranko náà kò lè pẹ́ nínú igbó wa, nítorí àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, ṣùgbọ́n ẹrù rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Iyọ̀ àti káún tí ó ń gba ilẹ̀ Haúsá wọlé sọ́dọ̀ wa láyé àtijọ́, agbègbè adágún Chad àti aṣálẹ̀ Kawar, níbi tí Bilma wà, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń wá. Ràkúnmí ni ó ń ru ti Bilma la iyanrìn kọjá, kí àwọn oníṣòwò tó gbé e sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ dé ìhà gúúsù. Ìyá tí ó ń bu káún sí ewédú lè má mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ràkúnmí ti wọ ìkòkò ọbẹ̀ wa kí ó tó wọ férémù wa.

Ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ bí ojú ọ̀nà aṣálẹ̀ ti í rí nínú ìtàn, kí ó wá ìròyìn Ibn Battuta kà. Ọmọ Tangier ní ilẹ̀ Morocco ni. Ní ọdún 1352, ó bá àwọn oníṣòwò kúrò ní Sijilmasa, wọ́n fi ràkúnmí la aṣálẹ̀ kọjá lọ sí ilẹ̀ Mali. Ó dé Taghaza tí wọ́n ti ń wa iyọ̀, níbi tí a ti fi òkúta iyọ̀ mọ ilé, tí a sì fi awọ ràkúnmí ṣe òrùlé. Ó sọ̀rọ̀ afinimọ̀nà wọn, ẹni tí ojú rẹ̀ kan fọ́, tí èkejì ń ṣàìsàn, síbẹ̀ tí ó mọ ọ̀nà ju gbogbo wọn lọ. Ó sọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tí òun pẹ̀lú ìbátan rẹ̀ jà, tí ó fà sẹ́yìn nínú èrò, tí ó sì sọnù sínú iyanrìn. Ó tilẹ̀ sọ pé aṣálẹ̀ náà mọ́lẹ̀, pé ọkàn ènìyàn a máa yá níbẹ̀. Ẹ wò ó, òun náà rí ẹwà tí àwọn ará Ìkòtún rí ní Lahbab. Ṣùgbọ́n ẹwà tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹgbẹ àti ikú nínú ìtàn kan náà, kò sì yọ ọ̀kan kúrò nítorí èkejì. Ìdí nìyí tí a fi gba ọ̀rọ̀ ẹwà náà gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé ayé Ibn Battuta ti lọ, pé kò sí ẹni tí ó ń la aṣálẹ̀ kọjá mọ́ bí kò ṣe fún eré. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tiwa ń là á kọjá. Wọ́n ń gba Kánò tàbí Sókótó wọ ilẹ̀ Niger, wọ́n ń dé Agadez, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ Hilux lọ sí Dirkou, sí Séguédine, sí Madama, kí wọ́n tó já sí Sabha ní Líbíyà. Èrò tí ó ń lọ bí ọgbọ̀n ni ó ń wà lẹ́yìn ọkọ̀ kan. Àwọn tí ó wà létí a máa jókòó lórí ẹrù, ẹsẹ̀ wọn a máa rọ̀ síta. Igi tí a ki bọ àárín ẹrù ni wọ́n ń dì mú kí wọ́n má baà já bọ́. Kẹ́ẹ̀gì omi tí a fi àpò wé ń rọ̀ lára ọkọ̀ yí ká. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, òkú ènìyàn 92 ni a rí nínú iyanrìn ní ìhà àríwá Niger, obìnrin àti ọmọdé ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ọkọ̀ wọn ni ó bàjẹ́, òǹgbẹ sì pa wọ́n. Nígbà tí ìjọba Niger ṣòfin ní 2015 láti fi ìyà jẹ àwọn tí ń fi ọkọ̀ gbé irú èrò bẹ́ẹ̀, àwọn awakọ̀ yà kúrò ní ọ̀nà tí kànga wà, wọ́n ń gba ibi tí a kò ti lè rí wọn, ewu sì wá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Òfin náà wà títí di oṣù kọkànlá ọdún 2023, kí àwọn ológun tí ó gbàjọba tó fagi lé e.

Ẹ wá gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ilé iṣẹ́ kan náà, Toyota, ni ó ṣe Land Cruiser ti Lahbab àti Hilux ti Agadez. Iyanrìn ni iyanrìn í jẹ́. Ọ̀kan sanwó kí ẹ̀rù lè bà á fún ìrọ̀lẹ́ kan, èkejì sanwó kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ ohun tí ń bà á lẹ́rù nílé. Ọ̀kan ni ó ní àárín, ní òtítọ́ àti ní kíkún. Òun náà ni kò ní férémù. Láti 2017 ni àjọ àgbáyé IOM ti ń fi ọkọ̀ òfurufú kó ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà padà láti Líbíyà wá sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, tí kò jìnnà sí Alímọ̀ṣọ́. Ẹni tí ó ti Dubai dé, à ń sọ fún un pé kí ó jókòó kí ó ròyìn. Ẹni tí ó ti Líbíyà dé, ìbéèrè tí à ń bi í ni pé kí ni ó mú bọ̀. Bí kò bá mú owó bọ̀, a kì í tún bi í ní ìbéèrè mìíràn. Òun náà yóò wá kọ́ láti dákẹ́, yóò sì sọ fún àwọn ọmọdé pé òun lọ sí òkè Ọya.

Ẹ̀sùn mi kò sí lọ́rùn ẹni tí ó lọ ṣe fàájì. Ẹ̀sùn mi wà lọ́rùn àwa òǹwòran àti olùgbọ́, tí a fi owó tí ó wà lápò arìnrìn-àjò díwọ̀n ìtàn rẹ̀. Ìdíwọ̀n yìí ni ó ń pa lítíréṣọ̀ wa lára. Bí a bá ń fìyìn fún ìtàn tí kò ní ojú ọ̀nà, tí a sì ń pa èyí tí ó ní in lẹ́nu mọ́, a ń kọ́ àwọn ọmọ wa pé àbọ̀ ni ìrìn àjò. Èyí gan-an sì ni ohun tí àwọn tí ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣòwò ń sọ fún wọn nígbà tí wọ́n bá ń tàn wọ́n lọ: wọn a fi àwòrán àbọ̀ hàn wọ́n, wọn kì í sọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà. Ọmọ tí ó bá ti gbọ́ nípa igi tí à ń dì mú lẹ́yìn Hilux, láti ẹnu ẹni tí ó dì í mú, ní ìbéèrè tí yóò bi ẹni tí ó fẹ́ mú un lọ.

Ní 2023, Matteo Garrone, ará Ítálì, gbé sinimá kan jáde tí ó pè ní Io Capitano, nípa àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì láti Senegal tí wọ́n la aṣálẹ̀ àti òkun kọjá. Ẹnu àwọn tí ó ti rin ọ̀nà náà ni ó ti gbọ́ ọ kí ó tó yà á. Èyí tí ó wú mi lórí jù ni pé Wolof ni àwọn ọmọ náà ń sọ nínú rẹ̀. Sinimá náà ní àléébù tirẹ̀: ẹwà iyanrìn a máa fẹ́ gba ojú wa kúrò lára ẹsẹ̀ tí ń rìn. Síbẹ̀ ó fi hàn pé bí olùgbọ́ bá jókòó dáradára, arìnrìn-àjò yóò sọ ọ́ ní èdè abínibí rẹ̀, ayé yóò sì gbọ́. Ta ni yóò jókòó gbọ́ tiwa ní èdè Yorùbá?

Iṣẹ́ náà kì í ṣe tuntun sí wa. Ibn Battuta kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé rẹ̀. Ó rò ó fún Ibn Juzayy ní ìlú Fez ni, ẹni yẹn sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí: Àkàrà-ògùn ni ó lọ, ẹlòmíràn ni ó kọ ọ́. Fágúnwà mọ̀ pé ẹni tí ó ti igbó dé nílò ẹni tí yóò gbé ìwé àti kálàmù, tí kò sì ní béèrè ohun tí ó mú bọ̀ kí ó tó béèrè ohun tí ó rí. Àwọn arìnrìn-àjò wà ní àdúgbò wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ń wá ohun tí wọn yóò kọ ìwé àpilẹ̀kọ lé lórí wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tẹ̀rọ-agbohùnsílẹ̀-tẹ̀rọ-agbohùnsílẹ̀. Kí a fi ràkúnmí sílẹ̀ lára ògiri, ó yẹ ògiri. Ṣùgbọ́n kí a wá àga kan fún ẹni tí ó la aṣálẹ̀ kọjá, kí a fún un lómi mu, kí a sì sọ fún un pé kí ó bẹ̀rẹ̀ láti Agadez.