Àwọn Bàbá Tó Ti Bọ́mà Dé

Ìwé lórí ogun Hítílà pọ̀ bí yanrìn, ṣùgbọ́n èyí tó sọ ti àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lọ sí Bọ́mà kò tó nǹkan rárá. Méjì ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé mi sọ lóṣù yìí. Àkọ́kọ́ ni A Stroke of Unbelievable Luck tí Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1999. Èkejì ni Burma Boy, ìtàn àròsọ tí Biyi Bandele gbé jáde ní 2007. Ẹni tó lọ ló kọ ti àkọ́kọ́. Ọmọ ẹni tó lọ ló kọ èkejì, nítorí pé sọ́jà Bọ́mà ni bàbá Bandele, Solomon Bandele-Thomas.

Kí n má parọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ náà kàn mí. Bàbá tèmi kò mọ Bọ́mà, ogun abẹ́lé wa ti 1967 sí 1970 ni ó jà. Nígbà tó dé, ó di káfíńtà, ìró ayùn rẹ̀ ló sì ń jí wa láràárọ̀. Bí a bá bi í léèrè ogun, á ní ká lọ gbé ìṣó wá. Nígbà tó kú, gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ń pè é ní akọni ọmọ ogun. Bẹ́ẹ̀ àga tí wọ́n jókòó lé tí wọ́n fi ń sọ ọ́, òun ló kàn án! Ohun tí mo wá ń wá nínú ìwé méjèèjì nìyí: ta ni bàbá yìí nígbà tó bọ́ aṣọ ogun sílẹ̀?

Ọmọ ọdún 16 ni Fadoyebo nígbà tó wọ iṣẹ́ ológun. Ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n fi í sí, lábẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81 ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní oṣù kẹta 1944, àwọn sọ́jà Japan yọ sí wọn lójijì létí odò Kaladan. Ìbọn bà á lẹ́sẹ̀, ó bà á níkùn. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n jọ ń lọ kú síbẹ̀. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sàró, ló kù nínú igbó. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan, Shuyiman, ló ń bọ́ wọn, tó sì fi wọ́n pamọ́, fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ìdílé rẹ̀ ló fi wewu.

Ẹ wá wo bí Fadoyebo ṣe sọ ọ́. Kò pariwo. Ó sọ ọ́ bí akọ̀wé ìjọba tó ń kọ ìròyìn sí ọ̀gá rẹ̀. Àwọn kan á ní ìwé náà gbẹ. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ o. Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, kí ló fẹ́ fi iyọ̀ kún un fún? Orúkọ tó fún ìwé náà nìkan ni mo bá a jà sí. Oríire ni ó pè é, àmọ́ oríire kọ́ ló ń gbé oúnjẹ wọnú igbó lọ bá aláìsàn méjì.

Bandele ní tirẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Kafanchan ni wọ́n bí i sí ní 1967, ó sì ti sọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ ogun kì í tán lẹ́nu bàbá òun. Ó hàn nínú ìwé náà. Ali Banana, ọmọdékùnrin ará Òkè Ọya tí kò tí ì tó jagun, bá àwọn Chindit lọ, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń takùrọ̀sọ, wọ́n ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀, títí ikú fi dé àárín wọn. Ẹ̀rín pa mí, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó jẹ́ ọ̀rọ̀ Wingate, ọ̀gá òyìnbó, ló fi ṣí ìwé? Àwọn òyìnbó ti kọ ti Wingate tó. Ìwé náà kò sì bá àwọn ọmọ wọ̀nyí délé. Inú igbó ló fi wọ́n sí, bí ẹni pé sọ́jà kì í dàgbà, kì í san owó ilé ìwé ọmọ.

Tí ẹ bá ní kí n mú ọ̀kan, ti Fadoyebo ni n ó mú. Ó tiro padà wálé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó tọ́ ọmọ. Ní 2011, akọ̀ròyìn kan, Barnaby Phillips, mú lẹ́tà ìdúpẹ́ rẹ̀ lọ sí Bọ́mà, ó sì rí ìdílé tó ń wá. (Phillips fi gbogbo rẹ̀ ṣe ìwé ní 2014, Another Man's War, ẹ kà á náà.) Shuyiman ti kú tipẹ́, àwọn ẹbí rẹ̀ ló gba lẹ́tà náà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni Fadoyebo kú.