Àbátàn Òkè-Ọ̀dàn àti Àwọn Tó Ní Amọ̀kòkò Kò Lórúkọ

Ẹlẹgbẹ́ wa kan tún ti gbé ọ̀rọ̀ àtijọ́ yẹn dé: pé nínú iṣẹ́ ọnà Yorùbá, agbẹ́gilére ló ní orúkọ, pé ohun èlò ìdáná lásán ni àwọn obìnrin tó ń mọ ìkòkò ń ṣe. Kò sí ẹni tí kò mọ Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ àti Àrẹògún Òsì-Ìlọrin nínú wa. Àbátàn, amọ̀kòkò tó bá àwọn méjèèjì láyé, ńkọ́? Láti 1969 ni àpilẹ̀kọ onímọ̀ iṣẹ́ ọnà Robert Farris Thompson lórí rẹ̀ ti jáde, nínú ìwé tí Daniel Biebuyck ṣe olóòtú rẹ̀. Ẹni tí kò tíì kà á lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, tó tún wá ń kọ́ wa ní ohun tí kò sí, kí ló yẹ ká pè é?

Òkè-Ọ̀dàn ni ilé Àbátàn, ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò tí à ń pè ní Yewa báyìí, ìlú kékeré tí ogun Ìdàhọ̀mì fọ́ ní 1848 tí wọ́n sì tún un tẹ̀ dó. Nǹkan bí 1885 ni wọ́n bí i. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Arúgbó kùjọ́kùjọ́ ni nígbà tí Thompson bá a lẹ́yìn 1960, ọwọ́ rẹ̀ kò sì tíì kúrò nínú amọ̀.

N kò ní pẹ́ lórí bí wọ́n ṣe ń gún amọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń pò ó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kó lọ jókòó ti àwọn ìyá oníkòkò. Àwo ọta òrìṣà Eyinlẹ̀ tí Àbátàn mọ ni mo fẹ́ ká jọ wò. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìkòkò oníkùn ńlá. Omi ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọta tí wọ́n ṣà lódò, nítorí Eyinlẹ̀, ọdẹ àti oníṣègùn tó di odò, inú omi tútù ni agbára rẹ̀ wà. Amọ̀kòkò tó bá já fáfá lè mọ ìyẹn. Ọmọrí rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Láti etí ọmọrí ni apá amọ̀ ti gbéra, wọ́n tẹ̀ kọrọdọ, wọ́n lọ pàdé lókè bí adé tí inú rẹ̀ ṣófo. Níbi tí wọ́n ti pàdé, obìnrin kan yọ láti àyà sókè, ọmú rẹ̀ le, ó dojú kọ ẹni tó wá bọ òrìṣà.

Ta ló ní èyí kì í ṣe ère? Agbẹ́gilére ń gbẹ́ kúrò lára igi ni. Amọ̀kòkò ń lẹ amọ̀ mọ́ amọ̀. Bí apá kan bá gbẹ ju èkejì lọ, oríkèé á là. Bí ọrùn obìnrin náà bá ki jù, tí omi ṣẹ́ kù sínú rẹ̀, inú iná ni yóò ti bú, kò sì sí ààrò tó ń ṣọ́ iná fún un: igi àti koríko ni wọ́n ń kó bo ìkòkò lórí ilẹ̀ gbalasa. Bí ọrùn ọ̀hún bá sì fẹ́lẹ́ jù, kò ní lè gbé orí. Gbogbo ìyẹn kó tó di pé à ń sọ̀rọ̀ ẹwà! (Ní Kúbà, níbi tí Eyinlẹ̀ ti ń jẹ́ Inle, àwo ọbẹ̀ tánganran onídèérí ni wọ́n ń gbé ọta òrìṣà sí. Wọn kò gbàgbé ọmọrí.)

Thompson rí gbogbo èyí, ó sì to iṣẹ́ Àbátàn láti ìgbà èwe dé ọjọ́ ogbó, ó fi hàn pé ọwọ́ rẹ̀ ń yí padà. Mo yìn ín fún un. Àwọn tó ń tọ ipa rẹ̀ ló wá sọ Àbátàn di ẹni tó já bọ́ láti ọ̀run, bíi pé orúkọ kan ṣoṣo ni à ń wá. Èmi pàápàá fẹ́ kí wọ́n dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn kò tó láìsí ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe fún Ladi Kwali, amọ̀kòkò bíi tirẹ̀. Ọmọ Gbagyi ni, àǹtí rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ nílùú Kwali. Ààfin Ẹ́mà Abuja, ìyẹn Suleja òní, ni Michael Cardew, amọ̀kòkò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ́kọ́ rí ìkòkò rẹ̀, pẹ̀lú alángbá àti ọ̀nì tó fín sí wọn lára. Ní 1954 ni Ladi Kwali tó wọ ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò Cardew. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní 1977, àwòrán rẹ̀ sì wà lẹ́yìn owó ogún náírà. Ó yẹ ẹ́. Síbẹ̀, ẹnu ọ̀nà Cardew ni ọ̀pọ̀ ìwé ti ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀, bí ẹni pé ìkòkò ààfin ọ̀hún mọ ara rẹ̀ ni. Àǹtí náà dà?

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ rí olùkọ́ Àbátàn, kó má wo ojú ère. Ẹni tó bá lọ́pọlọ lè rí ojú ère lójúbọ kó sì mọ irú rẹ̀. Oríkèé ni kó wò: bí apá amọ̀ ṣe wọ etí ọmọrí, bí wọ́n ṣe fi ìka tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ kó má baà ṣí, bí inú àyà ṣe ṣófo tó. Ìyẹn kì í hàn lójúbọ. Ẹ̀gbẹ́ ìyá ni ọmọ ti ń kọ́ ọ, nígbà tí amọ̀ ṣì rọ̀, tí ìyá sì lè gbá a lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ìyá wà nínú iṣẹ́ ọmọ, ibẹ̀ náà ni a ó ti mọ èyí tí Àbátàn fi kún un.

Àwọn tó ń ya àwo wọ̀nyí sínú ìwé, iwájú ni wọ́n sábà máa ń yà, nítorí ojú obìnrin náà wù wọ́n. Kí wọ́n gbé ọmọrí kúrò lórí ìkòkò, kí wọ́n dojú rẹ̀ dé, kí wọ́n ya inú rẹ̀ fún wa.