Ìwé Kíkà fún Ìgbádùn: Oṣù Kan láàárín Àwọn Ìtàn Àròsọ Yorùbá ní Ọ̀fà

Ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn ń gbà ka ìtàn àròsọ Yorùbá. Èkínní ni ti ẹni tí ó mú pẹ́ńsù lọ́wọ́, tí ó ń fa ìlà sí abẹ́ òwe àti àfiwé nítorí ìdánwò. Èkejì ni ti ẹni tí ó gbé ìwé lé itan lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ìdáhùn. Ọ̀nà èkínní ni ó gbilẹ̀ jù láàárín wa. Ìwé tí ó bá wà lára àwọn tí a yàn fún ìdánwò ni àwọn òǹtẹ̀wé máa ń tẹ̀ lọ́pọ̀, òun náà ni àwọn òbí máa ń rà. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, orí àpótí ìwé ni eruku yóò bò ó sí.

Olùkọ́ èdè Yorùbá kan wà ní ìlú Ọ̀fà, ní ìpínlẹ̀ Kwara, tí ó ti fi ọ̀nà èkínní yìí kọ́ ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó pinnu láti fi oṣù Ògún, tí í ṣe oṣù kẹjọ ọdún, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wà ní ìsinmi, ka ìwé ní ọ̀nà kejì. Kò ní mú pẹ́ńsù. Ojú-ìwé tí ó bá sì sú u, yóò ṣí i kọjá. Òjò kì í jẹ́ kí ènìyàn rìn jìnnà ní àkókò náà, ànàmọ́ kò sì jìnnà sí ọwọ́ ará Ọ̀fà. Ohun tí olùkọ́ yìí rí nínú oṣù náà yẹ fún àgbéyẹ̀wò, nítorí ó fi hàn pé ibi tí ìbéèrè ìdánwò ń tọ́ka sí kì í sábà jẹ́ ibi tí adùn ìwé wà.

Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ìwé D. O. Fágúnwà tí ó jáde ní 1938. Ó ti fi ìwé yìí kọ́ ọmọ láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n kò kà á sókè rí fún ẹni tí kò ní ìdánwò láti ṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, òǹkọ̀wé fi ìtàn rẹ̀ wé ìlù. Òun ni onílù, òǹkàwé ni oníjó. Nínú ìwé ìdáhùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́, gbólóhùn kan péré ni èyí máa ń gbà: wọn a ní òǹkọ̀wé lo àfiwé. Bẹ́ẹ̀ ni ìlànà ni ó jẹ́ lórí bí ó ṣe yẹ kí a ka ìwé náà. Bí a bá kà á sókè, àwọn gbólóhùn gígùn tí ń to orúkọ lé orúkọ, tí ń gba ọ̀nà mẹ́ta mẹ́rin sọ ohun kan ṣoṣo, tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń pè ní awítúnwí kí ó tó kọjá lọ, a máa bọ́ sí ẹsẹ̀ ijó. Ẹnu àti etí ni ó mọ adùn wọn. Ojú nìkan kò tó o mọ̀.

Nígbà tí Akàrà-ògùn bá Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún pàdé, tí ìjà sì bẹ́, àwọn ọmọ kéékèèké tí ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pa eré tì láti wá gbọ́. Èyí kò yani lẹ́nu. Ìlú tí oríkì rẹ̀ kò ṣeé kì tán láìdárúkọ ìjàkadì ni Ọ̀fà, ará ibẹ̀ sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí a dá àti ẹni tí ó kàn fẹsẹ̀ kọ.

Kì í ṣe gbogbo ìwé náà ni ó dùn bákan náà. Nígbà tí àwọn ọdẹ dé ilé Ìrágbèje, tí ó ń sọ ìtàn fún wọn láti ọjọ́ dé ọjọ́ títí ó fi di ọjọ́ méje, olùkọ́ náà ṣí ọjọ́ méjì kọjá. Àwọn lámèyítọ́ kan yóò ka èyí sí àìbọ̀wọ̀ fún àgbà òǹkọ̀wé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fágúnwà fúnra rẹ̀ jẹ́ olùkọ́, ó sì fẹ́ràn láti gbani níyànjú. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tí ó wà nínú ìjà Àgbákò wọlé sí ọmọdé lára ju èyí tí a bù fún un bí àgbo ní ilé Ìrágbèje. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò kò láǹfààní láti ṣàwárí ìyàtọ̀ yìí, nítorí pé àwọn ẹ̀kọ́ tí ìtàn kọ́ni ni a máa ń bi í, ilé Ìrágbèje ni ó sì ti rọrùn jù láti kó wọn jọ.

Ibi tí oṣù náà ti so èso jù lọ ni ọ̀rọ̀ Kàkó. Akọni ni Kàkó nínú gbogbo ìwé ìdáhùn. Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ irú ẹ̀dá ìtàn tí ó jẹ́, yóò kọ ọ́ pé ó lágbára, ó láyà, ó fẹ́ràn ìlú rẹ̀, máàkì rẹ̀ yóò sì pé. Olùkọ́ náà ti kọ àkọsílẹ̀ yìí sí ojú pátákó lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n nígbà tí kò sí ohun tí ń lé e, ó dúró níbi tí Akàrà-ògùn ti wá pe Kàkó sí ìrìn-àjò Òkè Lángbòdó. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí ó di ìyàwó Kàkó. Ó dì mọ́ ọn, kò fẹ́ kí ó lọ. Kàkó pa á, ó sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ìwọ̀nba ojú-ìwé ni ọ̀rọ̀ náà gbà. Òǹkàwé tí ó ń sáré kì í rí i bí kò ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé Kàkó kò jẹ́ kí ohunkóhun dí òun lọ́wọ́. Olùkọ́ náà ti ìwé pa, kò sì tún ṣí i títí ilẹ̀ fi mọ́.

Kí ni a ó wá pe Kàkó? Bí ìfẹ́ ìlú bá lè gba ẹ̀mí ẹni tí kò ṣẹ ìlú, ṣé akọni náà ni ẹni tí ó gbà á? Ó ṣeé ṣe kí Fágúnwà fẹ́ kí ẹ̀rù ba òǹkàwé níbẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ó kàn jẹ́ pé ó ń fi agbára ọdẹ dárà. Ìwé náà gba ìtumọ̀ méjèèjì. Ìdáhùn tí a há sórí ni kò gba ju ọ̀kan lọ.

Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, tí ó jáde ní 1969, kò gbà ju òru méjì lọ. Lápàdé ti ṣe ọlọ́pàá rí; Tàfá Ìgìrìpá ni ó ń tẹ̀ lé e káàkiri; Sájẹ́ǹtì Áúdù Kàrímù kò sì fẹ́ kí ẹni tí ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ máa yọjú sí iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ẹ̀rín pa olùkọ́ náà títí ó fi jí ará ilé. Ohun tí ó yẹ kí àwọn tí ń ṣètò ìbéèrè kíyè sí ni pé òwe inú ìwé yìí kì í dùn bí a bá tò ó sí ìsàlẹ̀ ara wọn. Ẹni tí ó pa á, ẹni tí ó pa á fún, àti bí inú ti ń bí àwọn méjèèjì tó, ni ó sọ ọ́ di ẹ̀rín.

Ìháragàgà láti mọ ohun tí yóò tún ṣẹlẹ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ìwé Yorùbá. Láàárín 1929 sí 1930 ni I. B. Thomas ń tẹ lẹ́tà Ṣẹ̀gilọlá jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, kí ó tó sọ ọ́ di odindi ìwé. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé obìnrin gidi ni ó ń kọ lẹ́tà náà, àwọn mìíràn sì kọ̀wé sí ìwé ìròyìn náà nítorí rẹ̀. Kò sí olùkọ́ tí ó ní kí wọ́n kà á. Kí àwọn tí ń sọ pé Yorùbá kì í kàwé àfi bí ìdánwò bá lé wọn rántí ọdún wọ̀nyẹn.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà ìgbádùn ní àléébù tirẹ̀. Ọmọ Olókùn Ẹṣin ti Adébáyọ̀ Fálétí, tí òun náà jáde ní 1969, fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ nínú oṣù náà pátápátá. Ìtàn àwọn tí ó wà lábẹ́ ìjọba Òkò, tí Àjàyí sì dìde láti já àjàgà náà, kì í sáré bí ti Lápàdé. Asọ̀tàn rẹ̀ sì ju ẹyọ kan lọ. Olùkọ́ náà pa á tì fún ọjọ́ mẹ́rin. Àṣà iṣẹ́ rẹ̀, àní àṣà pẹ́ńsù àti ìlà, ni ó mú un padà. Inú rẹ̀ sì dùn nígbẹ̀yìn pé ó padà, nítorí pé bí ohùn àwọn asọ̀tàn ti ń yí padà ni òye òǹkàwé nípa òmìnira ń yí padà. Ẹni tí ó bá ń fò gbogbo ibi tí ó nira yóò pàdánù irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ní ti Ó Le Kú, ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti 1974, kò sí ìyọnu: Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn tí ń wá aya, kò jẹ́ kí òǹkàwé sùn. Àbùkù kan ni pé àwọn tí ó wo fíìmù tí Túndé Kèlání fi ṣe ní 1997 máa ń rò pé àwọn ti ka ìwé náà, nígbà tí ohùn asọ̀tàn, tí ó ń fi Àjàní ṣe yẹ̀yẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò lè wọ inú fíìmù bí ó ti wà nínú ìwé.

Akẹ́kọ̀ọ́ yóò ní àyè kò sí fún irú èyí, ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀. Àyè wà. Kí ó ka ìwé tí a yàn fún un já lẹ́ẹ̀kan láìfa ìlà kankan, kí ó tó mú pẹ́ńsù fún ìgbà kejì. Bí ó bá sì di pé a bi í léèrè nípa Kàkó, kí ó kọ agbára àti ìgboyà rẹ̀, kí ó sì kọ nípa obìnrin náà pẹ̀lú. Níwọ̀n bí ẹ̀rí ti wà nínú ìwé, kò sí olùdánwò tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti yọ máàkì rẹ̀.