Àlọ́ Àpamọ̀ Nínú Eré Orí Kọ̀ǹpútà: Ìméfò Lórí Europa Universalis V

Ní oṣù kejì ọdún 2024, Johan Andersson bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nípa eré ìtàn kan tí ilé-iṣẹ́ Paradox Tinto ń ṣe lọ́wọ́, láìdárúkọ rẹ̀. Oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni wọ́n tó kéde pé Europa Universalis V ni. Ìméfò àwọn olólùfẹ́ eré náà láàárín àkókò yìí fara jọ àlọ́ àpamọ̀: apàlọ́ ń fi nǹkan pamọ́, àwùjọ ń wá ìtumọ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọdún 1337 ni eré náà yóò ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbà pé àjàkálẹ̀ àrùn tó dé Yúróòpù ní 1347 yóò wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì rí. Àkọsílẹ̀ ló gbé ìméfò náà ró.

Ti ilẹ̀ Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀yọ́ wà nínú Europa Universalis IV (2013), tí ìtàn tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1444. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ wá yóò máa retí ẹlẹ́ṣin àti ilẹ̀ ọba gbàràmù-gbaramu. Ní èrò tiwa, àṣìgbé ìtàn ni. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni Ọ̀yọ́ tó fi ẹṣin gbilẹ̀. Ifẹ̀, ìlú àwọn ère idẹ, ló yẹ kí ojú wà lára ní 1337. Àwọn aṣeré gbé máàpù wọn síta kí aráyé lè tọ́ka sí àṣìṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ìwé lọ́wọ́ ni àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ máa ń gbè. Oríkì orílẹ̀, tí í ṣe ẹ̀rí tiwa, kì í sọ ọdún.